Ìjánu Ṣáájú Eré: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí í Wakọ̀ ní Pápá Eré

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì sọ ní Tanke, Ìlọrin, nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán wá, Àsàláámù àléékúmù. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí.

Gbogbo wa la mọ oríkì ìlú yìí. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀. Ìlú tó tóbi tó báyìí tí wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá tó bí bàbá mi máa ń mú mi lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Ẹ́míà nígbà ọdún. Eré ni èmi ń wò ní tèmi: ẹṣin tó ń já bọ̀, eruku, aṣọ ńlá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàbá ní kí n má wo ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́, kí n wo ọwọ́ ẹni tó gùn ún. "Ìjánu ni kó o wò." Ẹṣin á já wá bí ẹni pé yóò gorí èrò, ọwọ́ á fa ìjánu, ẹṣin á dúró gbọnin.

Lónìí, ọkọ̀ ti gba ipò ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, òun ni wọ́n sọ di orò. N kò bá wọn wí fún ìyẹn, torí èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó ìgbà tí mo lé ní ogójì ọdún, tí mo jókòó nínú Golf kan ní pápá eré nílẹ̀ òkèèrè, kí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn tó yé mi. Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ tíráàkì ni mo máa pe nǹkan náà. Ìdíje kọ́ o. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ "pápá eré" báyìí, ife ẹ̀yẹ ló ń wá sí i lọ́kàn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n máa ń ṣí pápá tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ eré sílẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó. Onítọ̀hún á gbé ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ wá, á máa wà á yípo títí oòrùn á fi rọ̀. Kò sí ẹni tó ń gba ipò kìíní. Wọn kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn máa ka ìṣẹ́jú tó fi yípo rárá, torí ibi tí ìkanjú bá ti wọ̀ ọ́ ni ewu ti ń wọlé.

Ìtàn ibi tí àwọn pápá yẹn ti wá dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Gẹ̀ẹ́sì la pápá bàálù káàkiri ilẹ̀ wọn. Ogun parí ní 1945, pápá ṣófo. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ wò ó pé ọ̀dà tó yí pápá ká ṣì wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó tẹ́jú. Bí Silverstone ṣe di pápá eré nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ìdíje Formula One àkọ́kọ́ fún ipò àgbáyé ti wáyé ní oṣù Karùn-ún 1950. Snetterton, Thruxton, Castle Combe, Goodwood, pápá bàálù ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Bedford Autodrome náà rí bẹ́ẹ̀, òun sì ni mo máa ń júwe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gbòòrò débi pé ọkọ̀ tó bá yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, koríko ló sábà máa ń bá, kì í ṣe ògiri. Nürburgring ti wà ní Jámánì láti 1927. Ìyípo rẹ̀ tó gùn jẹ́ kìlómítà 20.8, òkè àti igbó ni, kò sì sí àyè púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ má fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó wù kó pè yín. Ní Áfíríkà tiwa, Kyalami wà nítòsí Johannesburg láti 1961, kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀ ni ìyípo rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ jẹ́ ó bá wọn sọ ọ́.

Pápá kì í ṣe títì. Ní pápá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ọkọ̀ dojú kọ. Kò sí ọlọ́kadà tó máa yọ láti inú kọ̀rọ̀, kò sí ewúrẹ́, kò sí tírélà tó bàjẹ́ tí wọ́n já ewé sẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìyá tó ru gàrí láti Gánmọ̀ tó ń dá títì kọjá. Ọkọ̀ panápaná àti áḿbúláǹsì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sọ́kọ̀. Ẹ wá fi ìyẹn wé ọ̀nà wa láti ibí dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tí í ṣe òpin tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré ní ọ̀nà márosẹ̀, ń jẹ mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kó o tó pe Bìsìmílà tán, o ti kọjá iwájú ilé mẹ́ta.

Ọmọ ilé wa kan ṣì ń fi ọ̀pá rìn dòní nítorí alẹ́ kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ara wọn sáré lẹ́yìn Ìdọ̀fìan. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá síbí láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo ń sọ lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, apá tiyín rèé.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń jẹ́ ìjánu ni wọ́n fi ń pe bíréèkì nínú ìwé, ó sì bá a mu. Iṣẹ́ bíréèkì ni láti sọ eré di ooru. Ọkọ̀ tó wọn kìlógíráàmù 1,200, irú Corolla tó pọ̀ lọ́wọ́ wa yìí, bó bá ń sá 100 tó o wá tẹ bíréèkì títí tó fi dúró pátápátá, ooru tó bọ́ sára dísìkì àti páàdì tó láti mú omi inú píọ̀ wọ́tà méjì hó. Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn o. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà: a rò pé ẹni tó ń sá 100 kàn ń sá ìlọ́po méjì ẹni tó ń sá 50, ṣùgbọ́n ẹrù tó gbé ka bíréèkì lórí jẹ́ mẹ́rin irú rẹ̀. Ní pápá, ènìyàn lè tẹ bíréèkì líle lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹfà, láàárín ìṣẹ́jú méjì. Dísìkì kò rí àyè tutù.

Ooru yẹn á wá wọ inú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò ṣe máa ń rin. DOT 4, ìyẹn irú ọ́ìlì bíréèkì kan, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé ìwọ̀n 230 lórí Celsius. Èyí tó ti fa omi sínú lè hó ní 155. Bó bá ti hó, oru rẹ̀ ló máa kún inú páìpù bí afẹ́fẹ́. O tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ wọlẹ̀ lọ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, ọkọ̀ kò dáhùn. Mo ti rí ojú ọkùnrin kan tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń tún ṣe lójoojúmọ́ ní Ìlọrin yìí, kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n ti da ọ́ìlì yẹn síbẹ̀. Òmíràn ti dúdú bí àgbo. A kàn ń fi kún un ni.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan péré ni owó rẹ ká lórí ọkọ̀ náà, fa ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ jáde pátápátá, da tuntun sí i, kó o yọ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, páàdì tó nípọn. Ríìmù ńlá, ìyẹ́ ẹ̀yìn, sàlẹ́ńsà tó ń bú ramúramù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wá gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wọn ariwo ọkọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ pápá, ọkọ̀ tí ariwo rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, ilé ló ń gbà lọ láìyí ẹ̀ẹ̀kan, owó á ti lọ. Owó tó o fẹ́ fi ra sàlẹ́ńsà, san án fún olùkọ́ kan kó jókòó tì ọ́ fún wákàtí kan. Èmi ra nǹkan sára ọkọ̀ fún ọdún méjì kí n tó ṣe ìyẹn. Wákàtí kan pẹ̀lú olùkọ́ kọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo rà lọ.

Ti táyà kò gùn. Fún un ní afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, láàárọ̀, nígbà tó ṣì tutù. Lẹ́yìn tó o bá ti sáré díẹ̀, ooru á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀, á ga sókè, wàá wọ̀n ọ́n, wàá sì yọ díẹ̀. Kó o tó padà sílé, fún un padà. Di nọ́ọ̀tì táyà kí o tó wọlé, tún wò wọ́n lọ́sàn-án. Kó gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ kúrò: jáàkì, ìgò omi, tẹ́sùbáà tó so mọ́ dígí, bàtà tó wà lábẹ́ ìjókòó. Ìgò omi kan tó yí bọ́ sábẹ́ bíréèkì lè pani, ìyẹn sì kan títì náà. Wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gbé epo tó pọ̀ dání, torí pápá ń mu epo bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi. Kó o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ìnṣọ́ránsì rẹ. Èyí tó wà fún ojú títì kì í sábà dé pápá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á wo láísẹ́ńsì rẹ, wàá fọwọ́ síwèé pé o mọ ewu ibẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo yín jọ láti ka òfin. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka òfin kò ní wọ pápá. Àṣíborí dandan ni, aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ dandan ni. Ìyípo àkọ́kọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n á ní kí gbogbo yín lọ, láti wo ibi tí kọ́nà wà àti ibi tí ẹ̀ṣọ́ dúró sí. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìyípo yẹn ṣòfò, ọkàn wọn ti ń sáré ṣáájú wọn. Ẹ wo ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Àsíá ni wọ́n fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Yẹ́lò túmọ̀ sí pé ewu wà níwájú, dẹ eré, má kọjá ẹnikẹ́ni. Pupa: ó parí, rọra padà wọlé. Búlúù: ẹni tó yá jù ọ́ wà lẹ́yìn rẹ, jẹ́ kó kọjá. Dúdú: ìwọ gan-an ni wọ́n ń pè, wọlé wá. Kíkọjá ẹlòmíràn, ojú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ nìkan ni, kì í ṣe inú kọ́nà láé, ìgbà tí ẹni tó wà níwájú bá sì fún ọ láyè nìkan ni. Ẹni tó bá fún ènìyàn láyè ní pápá kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà jù ni mo rí tí wọ́n ń tètè fúnni láyè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí wíwà gan-an. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ló gbé ìwọ, ọkọ̀ àti gbogbo ìgboyà rẹ. Ó ń ti ọkọ̀ síwájú, ó ń dá a dúró, ó ń yí i, ṣùgbọ́n agbára kan ṣoṣo ló ń pín sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó o bá ti ná gbogbo rẹ̀ sórí bíréèkì, èyí tó máa fi yíjú kò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kó parí bíréèkì nígbà tí sítíárìn ṣì tọ́, kó tó wá yà. Má fi ẹsẹ̀ gún un lójijì, tẹ̀ ẹ́ kó máa le sí i, kó o sì máa rọra tú u sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti etí òde kọ́nà, wá kan etí inú, kó o jẹ́ kí ọkọ̀ rìn padà sí etí òde bó ṣe ń jáde. Má tètè kan etí inú. Ẹni tó bá tètè kàn án, ọ̀nà á tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ jáde. Dúró, dúró, títí wàá fi rí ẹnu ọ̀nà àbájáde, nígbà náà ni kó o yà, kó o wá rọra máa tẹná bó o ṣe ń tú sítíárìn.

Ẹ̀ẹ̀kan tí ọkọ̀ yí mọ́ mi lọ́wọ́, àṣìṣe ẹsẹ̀ ni. Mo ti sáré jù wọ kọ́nà kan tó lọ sísàlẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Bó o bá já ẹsẹ̀ báyẹn ní àárín kọ́nà, ẹrù ọkọ̀ á dà síwájú, bí omi inú garawa ṣe ń dà nígbà tí ẹni tó rù ú bá dúró lójijì. Táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, kò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́. Ìdí ọkọ̀ wá gba iwájú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rí koríko, mo rí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, mo tún rí koríko. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì pa pọ̀, èyí tí wọ́n ti kọ́ mi láàárọ̀, ọkọ̀ sì dúró, ó kọjú síbi tí mo ti ń bọ̀. Ara mi ń gbọ̀n.

Olùkọ́ mi, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò bínú. Ó dúró títí mo fi mí tán, ó wá bi mí pé, "Kí lo ń wò?"

Koríko ni mo ń wò. Láti ìgbà tí ẹ̀rù ti bà mí ni mo ti tẹjú mọ́ ibi tí n kò fẹ́ lọ, ọwọ́ mi sì wà mí lọ síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni bàbá bàbá mi padà wá sí mi lọ́kàn, níwájú ààfin, tó ní kí n gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ ẹṣin. Láti ìgbà náà, kí n tó dé kọ́nà kan, ojú mi ti wà nínú rẹ̀. Kí n tó yà tán, ojú mi ti wà níbi tí mo máa jáde sí. Ó dà bí ohun kékeré. Bí mo bá fẹ́ kọ́ ènìyàn ní nǹkan kan ṣoṣo, òun ni mo máa kọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Orí máa ń rẹ̀ kí ara tó mọ̀. Ìyípo tó kẹ́yìn, má sáré, má fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan bíréèkì, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí dísìkì kó tutù. Bó o bá sì ti páàkì, má fa háńdì bíréèkì: páàdì tó gbóná yẹn á gbá dísìkì mú lójú kan, á bà á jẹ́. Fi ọkọ̀ sínú gíá, ki òkúta sẹ́yìn táyà. Mu omi. Bí o bá ti ń rò ó pé kó o tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ọrùn sì ti ń dùn ọ́, máa lọ sílé.

Arábìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ọ̀ffà dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì lè lọ òkèèrè báyìí, ibo ló máa ti bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè náà dára, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán dá a lóhùn. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó. Jókòó kí ẹ̀yìn rẹ kan ìjókòó dáadáa. Na apá rẹ sórí sítíárìn, ọrùn ọwọ́ rẹ ló yẹ kó kan òkè rẹ̀, kí orúnkún rẹ ṣì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀. Nínú dánfó tó ń gbé ọ lọ sílé, máa wá ẹnu àbájáde kọ́nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú rẹ kí awakọ̀ tó dé ibẹ̀. Bí o bá ń wakọ̀ ọ̀gá rẹ, gbé ife omi kan sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ, wà á kó má dà nù, láàárín eré tí òfin gbà. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti sítíárìn tó ń so mọ́ ọn, ọ̀nà pápá Silverstone àti Kyalami wà nínú géèmù ọkọ̀ orí rẹ̀, ó lè mọ kọ́nà wọn lórí kó tó fojú rí wọn. Bí àyè ìrìnàjò bá sì yọ, kó lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ju àsíá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ara wọn sílẹ̀ láìgba owó oṣù, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti ń rí àṣìṣe awakọ̀ dáadáa tó etí kọ́nà tí wọ́n dúró sí.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kí a dìde, kí a jáde sí ìta níbi tí ọkọ̀ wà. Mo ti mú gééjì tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà dání. Corolla ọ̀kan nínú yín la fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní 32 fún iwájú àti ẹ̀yìn. Táyà iwájú òsì jẹ́ 41, ẹ̀yìn ọ̀tún jẹ́ 24. Àná ló ní wọ́n fẹ́ ẹ. A yọ ti iwájú sílẹ̀, ọmọ Ọ̀ffà yẹn gba gééjì lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi táyà tó kàn.